Kí Ooru Tó Jẹ Ilẹ̀dú Ọ̀rà Tán

Bí àgbẹ̀ Ọ̀rà-Ìgbómìnà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ifẹ́dayọ̀, bá ráhùn pé oòrùn òde òní le ju ti àtijọ́ lọ, àsọdùn kọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí ni pé ooru náà ń wọ inú ilẹ̀, ó sì ń ná ọrọ̀ tó wà níbẹ̀.

Inú ilẹ̀dú kún fún àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń tú ohun kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Òun ni ó ń fọ́ òkú ewé àti gbòǹgbò sí wẹ́wẹ́ kí iṣu àti kòkó tó lè rí oúnjẹ fà mu. Bí ọ̀rinrin bá wà, tí ooru kò sì tíì pọ̀ jù, ìwọ̀n 10 Celsius tó bá lé sí i lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù di ìlọ́po méjì.

Ẹnìkan lè ní ire ni èyí. Rárá o. Ewé tí ì bá bọ́ ilẹ̀ pẹ́ yóò tán kíákíá. Òjò yóò wọ́ èyí tí ohun ọ̀gbìn kò lè fà mu lọ, afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù yóò sì gòkè lọ dá kún ooru ayé. Bí àgbẹ̀ tí ń jẹ èbù rẹ̀ ni. Ní orílẹ̀-èdè Panama, àwọn onímọ̀ fi ìwọ̀n 4 Celsius kún ooru ilẹ̀ igbó kan fún ọdún méjì. Ìwádìí náà, tó jáde ní 2020, fi hàn pé afẹ́fẹ́ káábọ́ọ̀nù tí ilẹ̀ náà ń tú sílẹ̀ fi ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Ìdí nìyí tí igbó sísun fi ń dá kún ọ̀ràn náà. Iná ń jó ewé tí ì bá di ilẹ̀dú, ó sì ń ṣí ilẹ̀ sílẹ̀ fún oòrùn. Àwọn baba ńlá tí ń fi koríko bo orí ebè iṣu mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Láàárín àwọn ọdún 1970 sí 1980, ìwádìí Rattan Lal ní IITA, Ìbàdàn, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bíbo ilẹ̀ ń mú un tutù, ó sì ń dènà ọ̀gbàrá.

Òtítọ́ ni pé iná rọrùn, owó òṣìṣẹ́ oko sì wọ́n. Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni di gbogbo ẹ̀bi ru àgbẹ̀. Ìjọba Ọ̀ṣun àti ti Ifẹ́dayọ̀ ní láti rán olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ dé oko kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kí wọ́n sì ran ẹni tó bá pa iná tì lọ́wọ́ lórí owó ìroko. Ajílẹ̀ òyìnbó lè bọ́ iṣu ọdún kan. Kò lè rọ́pò ilẹ̀dú. Ilẹ̀ tó bá ti ṣá, àwọn ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò jìyà rẹ̀.