Ọwọ́ Yíyá Nìkan Kọ́ Ni Orin

Ọ̀rọ̀ gìtá ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ó kan ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ra gìtá fún òun. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń pe olórin síbi ìgbéyàwó. Ó sì kan gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ kan tàbí òmíràn.

Ìbéèrè náà nìyí. Àwọn méjì ń ta gìtá. Ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ yá púpọ̀, kì í ṣi okùn kan tẹ̀, ṣùgbọ́n orin ẹlòmíràn nìkan ló lè ta. Ọwọ́ ẹnì kejì kò yá tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń mú ohun tí etí kò gbọ́ rí jáde. Ta ni ọ̀gá nínú àwọn méjèèjì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá ni. Èrò tiwa yàtọ̀. Ọwọ́ yíyá dára, kò sì sí olórin tó lè ṣe é tì. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ni. Ọkọ́ ni ọwọ́ yíyá, iṣu ni orin. Ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ mú, tí kò gbin nǹkan kan, kò ní rí iṣu kó délé nígbà ìkórè.

Orin tí à ń pè ní rọ́ọ̀kì

Ibi tí àríyànjiyàn yìí ti gbóná jù ni inú orin rọ́ọ̀kì. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orin náà ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọdún 1950 sí 1959. Inú orin àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ ni wọ́n ti fà á yọ, àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú láti Áfíríkà. Gìtá tó ń lo iná mànàmáná ni wọ́n fi ń ṣe é. Okùn mẹ́fà ló wà lára rẹ̀. Ọwọ́ kan ń tẹ okùn mọ́ ọrùn gìtá, ọwọ́ kejì ń ta á. Ẹ̀rọ wá ń gbé ohùn náà sókè kí gbogbo agbo lè gbọ́ ọ.

Nínú orin yìí, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ fún onígìtá kí ó dá ta tirẹ̀, bí ìgbà tí àwọn omele bá fi àyè sílẹ̀ fún ìyá ìlù. Ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń wo bí ìka rẹ̀ ṣe yára tó. Àwọn mìíràn ń bèèrè ohun tí ó sọ.

Ní 1984, ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Yngwie Malmsteen, gbé àwo kan jáde tó ń jẹ́ Rising Force. Eré tí ìka rẹ̀ ń sá lórí okùn ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ohun tuntun ni òun alára ṣe, nítorí ó mú orin àtijọ́ àwọn ará Yúróòpù, èyí tí wọ́n ń fi gòjé òyìnbó ta, wọ inú rọ́ọ̀kì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, eré sísá nìkan ni wọ́n rí kọ́ lára rẹ̀. Wọ́n sọ orin di ìdíje ẹlẹ́ṣin.

Ẹ má fojú kéré iṣẹ́ ọwọ́

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ kí a tó lọ síwájú. Kò sí ẹni tó di ọ̀gá láìkọ́ iṣẹ́. Ẹ wo Jimi Hendrix, ènìyàn dúdú tí wọ́n bí ní Seattle ní Amẹ́ríkà ní 1942. Ọwọ́ òsì ni ó ń lò. Ó máa ń yí gìtá àwọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún padà, á tún okùn rẹ̀ tò, á sì fi ta. Kò lè ka orin tí a kọ sínú ìwé. Kí orúkọ rẹ̀ tó dún, ó ti ta gìtá lẹ́yìn àwọn olórin mìíràn, bí Little Richard àti Isley Brothers. Ohun tí ọ̀gá bá ní kí ó ta ni ó ń ta. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, níbi àjọ̀dún orin Woodstock, Hendrix fi gìtá ta orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò fi ẹnu kọ ọ̀rọ̀ kan. Orin tí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ibẹ̀ mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ogun Vietnam ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Hendrix mú kí gìtá ké bí ọkọ̀ òfurufú ogun, kí ó bú bí bọ́ǹbù, kí ó sì hu bí ẹni tó ń sunkún. Àwọn tó gbọ́ ọ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ogun ni. Ó kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún 27 péré, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé orin náà títí di òní.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá mọ iṣẹ́, kò lè mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Bí inú rẹ̀ kò bá sì ní nǹkan sọ, orin orílẹ̀-èdè lásán ni ọwọ́ náà ì bá ta.

Ẹlòmíràn ni B. B. King, tó kú ní 2015. Kì í sáré. Ó máa ń fa okùn kan ṣoṣo, á sì fi ìka mì ín kí ohùn rẹ̀ lè gbọ̀n bí ohùn ẹni tó ń sun rárà. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò mọ bí a ti ń ta okùn púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dáadáa. Síbẹ̀, bí ó bá fa okùn ẹyọ kan, ẹni tó wà lẹ́yìn ilé ti mọ̀ pé òun ni.

Ẹni tí ẹ̀rọ gé ní ìka

Ní 1965, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tony Iommi ń ṣiṣẹ́ irin ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ gé orí ìka rẹ̀ méjì. Ọwọ́ tó fi ń tẹ okùn gìtá gan-an ni. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ẹnì kan wá mú kí ó gbọ́ àwo Django Reinhardt. Onígìtá ni Reinhardt. Iná jó o ní 1928, ìka méjì nínú ọwọ́ òsì rẹ̀ kò sì wúlò mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún gìtá kọ́ títí ó fi di olókìkí.

Ni Iommi bá yọ́ ike, ó fi ṣe fìlà fún ìka rẹ̀, ó sì fi awọ bò ó. Ó wá okùn tó tín-ín-rín. Nígbà tó yá, ó dẹ okùn náà kí títẹ̀ rẹ̀ lè rọrùn. Bí okùn bá dẹ̀, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á sì wúwo. Ohùn wúwo ni a fi mọ ẹgbẹ́ rẹ̀, Black Sabbath, tó gbé àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1970. Ọ̀nà tuntun ni wọ́n là nínú rọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tọ̀ ọ́ di òní.

Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ yíyá nìkan ni orin, orin Iommi ì bá ti parí lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé e.

Àwọn tiwa ńkọ́?

Ẹ má rò pé òyìnbó àti ará Amẹ́ríkà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ìlú Niafunké, ní Mali, àgbẹ̀ ni Ali Farka Touré. Mùsùlùmí ni, bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Kí ó tó mọ gìtá, ó ti mọ ohun èlò olókùn kan tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń ta. Nígbà tí gìtá dé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀nà olókùn kan yẹn ni ó gbé wọ inú okùn mẹ́fà. Àwo tí òun àti Ry Cooder, ará Amẹ́ríkà, ṣe ní 1994 gba ẹ̀bùn Grammy. Síbẹ̀, kò fi oko rẹ̀ ní Niafunké sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe olórí ìlú ní 2004, kí ó tó kú ní 2006.

Ní Nàìjíríà, ẹ wo Victor Uwaifo, ọmọ Bìní tó kọ Joromi, tó sì kú ní 2021. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìwé. Ó kíyè sí aṣọ Akwete tí àwọn obìnrin Ìgbò ń hun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí ohùn kan: pupa ní ohùn tirẹ̀, dúdú ní tirẹ̀. Ohun tó rí lára aṣọ ni ó sọ di orin lórí gìtá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn ahunṣọ Bafilo, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣòro fún yín. Ọwọ́ ni ó ń ju ọ̀kọ̀ ìhunṣọ lọ, tó ń jù ú bọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ́ ni ó ń yan àwọ̀. Ahunṣọ méjì lè yára bákan náà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ní àrà tirẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń wá kiri.

Ẹ tún wo orin jùjú. Ayinde Bakare ni ó mú gìtá oníná wọ inú rẹ̀ ní 1949. Nígbà tí King Sunny Adé dé, kò fi gìtá kan ṣoṣo sá eré. Ó kó gìtá mélòó kan pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ta ègé kékeré, ó ń tún un ta léraléra. Bí ẹ bá gbọ́ ẹyọ kan, ẹ lè ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Bí gbogbo wọn bá pàdé, á dà bí ìyá ìlù àti àwọn omele rẹ̀: ọ̀kan ń pè, ọ̀kan ń jẹ́. Ó tún mú gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta, tí àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ń lò, wọ inú jùjú. Demola Adepoju ni ó ń ta á. Àwo Juju Music, tó jáde ní 1982, gbé orúkọ Sunny Adé dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ní Cotonou ńkọ́? Ẹgbẹ́ Poly-Rythmo, tí Mélomé Clément jẹ́ olórí rẹ̀, gbé ìlù sátò, ìlù ìrántí òkú, wọ inú orin gìtá oníná. Ìlù baba wọn ni wọ́n gbé wá sí ayé tuntun.

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí tó kọ̀ láti kọ́ ti ẹlòmíràn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀?

Lónìí, ọmọ tó ní fóònù lè wo àwọn onígìtá gbogbo ayé. Ó lè dá a dúró, kí ó tún un wò, títí ìka rẹ̀ yóò fi mọ̀ ọ́n. Àǹfààní ńlá ni. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ Tchamba, ọmọ Èkó àti ọmọ London lè máa ta ohun kan náà, kí ẹnikẹ́ni má sì gbọ́ Tchamba nínú rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà tó mọ orin àlọ́ wa kò ní wà títí láé. Àwọn baba tó mọ ìlù wa pẹ̀lú ń dàgbà. Bí ọmọ kankan kò bá gbé orin wọn sórí ohun èlò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn, orin náà yóò bá wọn lọ.

Ẹnì kan lè sọ pé: “Orin tí wọ́n ti mọ̀ ni àwọn ènìyàn ń náwó fún.” Òtítọ́ ni, olórin sì gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n ta ni àwọn ènìyàn náà? Àwa ni. Kí olórin ta méjì tí a mọ̀, kí ó ta ẹ̀kẹta tó jẹ́ tirẹ̀. Kí àwa náà sì náwó fún ẹ̀kẹta yẹn. Ohun tí a bá ń yìn ni ọmọ yóò máa ṣe.

Ọ̀dọ́ kan náà lè sọ pé: “Èmi ní ọgbọ́n inú, n kò nílò ìdánrawò.” Ọ̀lẹ ni ó fẹ́ fi ọgbọ́n bò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà onígìtá ni ìka tó ti yi nítorí okùn.

Ẹ wo ara yín ní kíláàsì. Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ohun tí olùkọ́ kọ sí ojú pátákó ni ẹ ń dà kọ. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Bí ẹ kò bá ṣe é, ẹ kò lè kọ nǹkan kan lónìí. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí àdàkọ ni ẹ ṣe wá? Rárá o. Ẹ wá kí ẹ lè kọ lẹ́tà sí ọmọ yín ní Lomé. Ẹ wá kí ẹ lè kọ owó àgbàdo yín sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má rẹ́ yín jẹ. Ọjọ́ tí ẹ kọ gbólóhùn tí olùkọ́ kò kọ sí pátákó, ọjọ́ náà ni ìwé di tiyín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni gìtá.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń kọ́ gìtá, ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ó da orin ẹlòmíràn ta títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orin kan tí ìyá yín kọ fún yín, kí ẹ sì sọ fún un pé: “Ta eléyìí fún mi bí o ti gbọ́ ọ.” Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni Tony Iommi ṣe nígbà tí ẹ̀rọ gé ìka rẹ̀?
2. Kí ni Ali Farka Touré mú láti ìlú rẹ̀ wọ inú gìtá?
3. Nínú iṣẹ́ tiyín, èwo ni ọwọ́ ń ṣe, èwo sì ni ọgbọ́n inú ń ṣe?
4. Orin ìlú yín wo ni ẹ fẹ́ kí ọ̀dọ́ kan fi gìtá ta? Ẹ kọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́ta.