Ayi Kwei Armah àti Ẹ̀ṣẹ̀ tí Kò Dá

Láti ọdún 1968, tí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Ayi Kwei Armah kọ, The Beautyful Ones Are Not Yet Born, ti jáde ní Amẹ́ríkà, ni àwọn kan ti ń fi ẹ̀sùn kàn án. Wọ́n ní ẹ̀gbin Gánà nìkan ni ojú rẹ̀ rí, wọ́n ní kò fẹ́ràn ilẹ̀ baba rẹ̀. Chinua Achebe pàápàá, tí í ṣe àgbà nínú iṣẹ́ náà, bá ìwé náà wí gidigidi. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó bá ka ìwé kan ṣoṣo, tí ó sì fi í dá ẹjọ́ ònkọ̀wé, kí ó rántí pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.

Takoradi ni wọ́n bí Armah sí ní 1939. Ó kàwé ní Achimota, ó sì lọ sí Harvard ní Amẹ́ríkà. Kò fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. Ó lọ sí Algiers, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ìwé ìròyìn Révolution Africaine. Ní 1966 ó ṣe olùkọ́ ní Navrongo. Láàárín 1967 sí 1968 ó ṣe iṣẹ́ olóòtú fún Jeune Afrique ní Paris. Ǹjẹ́ ẹni tí ó kórìíra Áfíríkà ni yóò fi ìgbà èwe rẹ̀ sin ìwé ìròyìn méjì tí ọ̀rọ̀ Áfíríkà jẹ lógún?

Ìlú Kùmásí ni ẹ̀rí tí ó tóbi jù lọ wà. Ní February 1874, ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Garnet Wolseley ṣe olórí rẹ̀ wọ Kùmásí. Wọ́n kó wúrà ààfin, wọ́n sì dáná sun ìlú. Ìtàn yìí ni Armah sọ nínú The Healers, tí a tẹ̀ ní Nairobi ní 1978. Kò bú òyìnbó nìkan. Ó fi àwọn ọba tí wọ́n ta ara wọn nítorí ọtí àti owó hàn, àti àwọn ìjòyè tí ipò wọn ṣe pàtàkì lójú wọn ju ìlú lọ. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Kí Yorùbá má sì rẹ́rìn-ín: láti Èkó ni Glover ti kó nínú àwọn ọmọ ogun tí ó bá ogun náà lọ, kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí Ìbàdàn àti Èkìtì fi bẹ̀rẹ̀ ogun Kírìjì.

Àwọn kan yóò ní ògo ni kí á kọ́ ọmọdé, kí á fi ìtìjú pamọ́. Kí wọ́n wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2024. Ilé ìṣúra méjì ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ohun ọ̀ṣọ́ 32 ti ilẹ̀ Àṣáńtì wá sí ààfin Manhyia ní Kùmásí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìkógun ayé ìgbà náà. Wọn kò dá wọn padà o. Wọ́n yá wọn fún ọdún mẹ́ta ni. Onínǹkan wá di ayáni-lóhun! Ọmọ tí a kọ́ ní ògo nìkan kò ní mọ bí wúrà baba rẹ̀ ṣe dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Armah kò jẹ́ kí ìwé tirẹ̀ bọ́ sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ títí. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ìtẹ̀wé Per Ankh sílẹ̀ ní Senegal, ibẹ̀ ni Osiris Rising ti jáde ní 1995.

Oníṣègùn tí ó fọ ọgbẹ́ kì í ṣe ọ̀tá aláìsàn, bí aláìsàn tilẹ̀ ń ké. Kí olùkọ́ fi The Healers ti ìwé àkọ́kọ́ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó kà wọ́n pọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí ó tó dá ẹjọ́. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.