Ẹ Jẹ́ Kí Á Rìn Yí Àgbádárìgì Po Kí Á Tó Ṣèpàdé

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti owó, ṣùgbọ́n ó kan owó wa gan-an. Èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn tí ń yáwó sínú ìwé ẹgbẹ́, nítorí náà ojú mi ló ń rí i. Tẹ́lẹ̀, bí ènìyàn bá wá yáwó, ọjà ló fẹ́ fi rà, tàbí kí ó fi san owó ilé-ìwé ọmọ. Nísinsìnyí, àwọn tí ń mú ìwé ilé ìwòsàn wá ń pọ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń dárúkọ. Owó tí a fi ra oògùn kì í lérè tí a ó fi dá a padà. Onídùúró ló ń sunkún níkẹyìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dábàá ní ìpàdé tó kọjá pé kí á máa rìn yí ìlú po kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rín ni ẹ fi mí rín. Ìyá kan nínú wa ní, "Akọ̀wé, àwa tí a ti wà lọ́jà láti àárọ̀, ìrìn wo ló tún kù?" Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ìyá wa, ṣùgbọ́n ìjókòó ni a ń jókòó lọ́jà. Ọ̀kadà gbé wa dé Agbalata, a jókòó ti ọjà wa, ọmọ ni a rán lọ ra oúnjẹ, ọ̀kadà náà ló tún gbé wa délé. Ẹni tí ń kiri ọjà ló ń rìn, àwa sì ti fi kíkiri sílẹ̀ látìgbà tí a ti ní ìsọ̀.

Ohun kejì ni ẹ kò sọ jáde, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì wá. Bí wọ́n bá rí bàbá ńlá tí ń rìn lọ láìru ẹrù, wọn a ní ṣé gbèsè ti mú kí ó ta ọkọ̀ rẹ̀ ni? Èmi náà ti gbọ́ irú rẹ̀, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí dá rìn. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí á jọ rìn nìyẹn, nítorí ojú kì í ti ẹni tó wà láàárín ogún ènìyàn.

Ọ̀nà tí mo ń gbà kò jìn. Ibi ọwọ̀n Agia, nítòsí gbọ̀ngàn ìlú, ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ igi ní 1842, kí igi náà tó wó ní 1959. Láti ibẹ̀ mo sọ̀ kalẹ̀ sí Màrínà, omi ọ̀sà wà lápá kan, atẹ́gùn rẹ̀ sì ń fẹ́ sí ènìyàn lára. Mo kọjá lára ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, àti ọ́fíìsì àwọn òyìnbó ìjọ̀sí tó ti di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. (Àwọn àlejò ń ti òkè òkun wá wo ilé wọ̀nyí, àwa tí a ń gbé ìlú, ọ̀pọ̀ wa kò wọ ibẹ̀ rí.) Lẹ́yìn náà mo yà wọ inú ìlú, mo gba ìhà Vlekete tí ọjà ẹrú wà láyé àtijọ́, ó di ibi Agia padà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì ni ó ń gbà mí, bí n kò bá dúró kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọjá láìkí ènìyàn ní Àgbádárìgì?

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, ṣe ohun tí ń mú ara gbóná díẹ̀ lọ́sẹ̀, irú bí ìrìn yíyá. Ìṣẹ́jú 30 lójúmọ́ nìyẹn fún ọjọ́ márùn-ún, a sì lè pín in sí wẹ́wẹ́. Ìrìn náà yá tó bí ẹ bá ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin. Ẹnìkan lè wí pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù kò wá tó nǹkan. Òótọ́ ni, kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ọ̀nà, tó sì ti rí ẹni bá rìn, yóò rí ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí àyà ń dùn kí ó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì léèrè, ẹni tó sì ń lo oògùn, kí ó má tìtorí ìrìn pa á tì.

Nǹkan kan ń bí mi nínú lójú ọ̀nà náà, n kò sì lè dá ìjọba nìkan lẹ́bi. Èèpo àgbọn tí ń dí gọ́tà, ọwọ́ ta ni ó ti ń wá? Ọwọ́ àwa oníṣòwò ni. Àwọn tí ń ta àgbọn nínú wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó èèpo yín sínú àpò. Ẹsẹ̀ yín ni yóò gba ibẹ̀ báyìí.

Ní ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, èmi yóò wà níbi ọwọ̀n Agia ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ wọ bàtà tí kì í bọ́ lẹ́sẹ̀, ẹ má wọ sílípáàsì. Alága ti ní àwọn ń bọ̀. Akápò ní òun ń rò ó.