Gbígba olú-ìlú ọ̀tá kọ́ ni òpin ogun

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí gbogbo olórí tó bá ń ja ogun abẹ́lé máa rántí. Ó ti di àṣà pé bí ìròyìn bá ti jáde pé olú-ìlú ọ̀tá ti bọ́, ijó àti ayọ̀ ni yóò gba ìgboro, tí tọmọdé tàgbà yóò máa sọ pé ogun ti parí. Ṣùgbọ́n ogun abẹ́lé tí wọ́n jà ní Nàìjíríà láti ọdún 1967 sí 1970 fi hàn kedere pé ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn gba ilé ọ̀tá, ọ̀tọ̀ ni kó ṣẹ́gun ọ̀tá fúnra rẹ̀.

Enugu ni Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu fi ṣe olú-ìlú nígbà tó kéde Biafra lóṣù karùn-ún ọdún 1967. Ogun bẹ̀rẹ̀ lóṣù keje. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹwàá, ọdún náà, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti wọ Enugu. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kò ní pẹ́ tí Ojukwu yóò fi túúbá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Umuahia di olú-ìlú, ogun sì ń bá a lọ fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta sí i.

Kódà, ẹ̀yìn ìgbà tí Enugu bọ́ ni àwọn orílẹ̀-èdè kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbà pé Biafra dá dúró. Tanzania ló kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1968, kí Gabon, Ivory Coast àti Zambia tó tẹ̀lé e. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ìdí ni pé ilé ìjọba ni Biafra pàdánù ní Enugu. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣì wà, ọ̀nà tí oúnjẹ àti ìbọn ń gbà wọlé ṣì ṣí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rù kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn Ìbò, nítorí wọn kò gbàgbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wọn tí wọ́n pa ní ilẹ̀ Hausa lọ́dún 1966.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbígba olú-ìlú kò wúlò. Ó ń dójú ti ọ̀tá, ó sì ń tú iṣẹ́ ìjọba rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n ohun tó so mọ́ ìlú náà ló ń sọ bí iye rẹ̀ ṣe tó. Lóṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra tí Victor Bánjọ, tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, kó sòdí gba ìlú Benin, wọ́n sì dojú kọ ọ̀nà Èkó kó tó di pé wọ́n dá wọn dúró ní Ore. Èkó nígbà náà ni ibùjókòó ìjọba, ibẹ̀ ni èbúté ńlá wà, ibẹ̀ ni Báńkì Àpapọ̀ àti àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè wà. Ká ní wọ́n gba Èkó ni, wọn ì bá gba orí, wọn ì bá gba apá, wọn ì bá sì gba àpò owó pẹ̀lú. Enugu kò rí bẹ́ẹ̀ fún Biafra.

Ibi tí ogun náà ti dun Biafra jù ni Port Harcourt, tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé gbà lóṣù karùn-ún ọdún 1968. Nígbà tí ìyẹn bọ́, ọ̀nà òkun dí pátápátá. Pápá ọkọ̀ òfurufú Uli, tí wọ́n fi ojú títì ṣe, ló wá di ẹ̀mí Biafra, tí bàálù ń já oúnjẹ àti ohun ìjà sí lóru. Lóṣù kẹrin ọdún 1969, Umuahia náà bọ́, ṣùgbọ́n láàrin ọjọ́ díẹ̀ síra, Biafra gba Owerri padà, wọ́n sì tún rí olú-ìlú mìíràn. Ìgbà tí Owerri àti Uli jọ bọ́ lóṣù kìíní ọdún 1970, tí ebi ti pa ọmọ ogun tó sì ti rẹ̀ wọ́n, ni Ojukwu sá lọ sí Ivory Coast, tí Philip Effiong sì túúbá. Olú-ìlú mẹ́ta ni wọ́n gbà kí ogun kan tó parí.

Ta ló wá san gbèsè ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta yẹn? Àwọn ọmọdé àti ìyá wọn ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé àwọn tó kú lé ní mílíọ̀nù kan, ebi àti àìsàn ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ìhà méjèèjì kò fẹnu kò lórí ọ̀nà tí oúnjẹ yóò gbà wọlé.

Irú rẹ̀ ló tún ṣẹlẹ̀ ní Sudan. Inú Khartoum gan-an ni ogun ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2023. Àwọn RSF gba èyí tó pọ̀ nínú ìlú náà, ìjọba ológun kó lọ sí Port Sudan, kò sì túúbá. Nígbà tí ìjọba gba ààfin padà lóṣù kẹta ọdún 2025, àwọn ènìyàn jó. Oṣù méje lẹ́yìn náà, RSF gba El Fasher ní Darfur, wọ́n sì pa aráàlú nípakúpa.

Ọjọ́ tí olú-ìlú ọ̀tá bá bọ́ ló yẹ kó jẹ́ ọjọ́ ìpàdé àlàáfíà. Ẹni tó borí ní agbára láti ṣàánú lọ́jọ́ náà láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò pè é ní ojo, ẹni tí wọ́n borí sì ṣì ní ohun tó lè dá sí. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1970, Ọ̀gágun Yakubu Gowon kéde pé kò sí ẹni tó borí, kò sí ẹni tí wọ́n borí. Ọ̀rọ̀ rere ni. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé Ojukwu ì bá gbọ́ ọ ká ní Enugu ni wọ́n ti sọ ọ́ lọ́dún 1967, pẹ̀lú ìdánilójú pé kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan Ìbò kankan. Ṣùgbọ́n ìgbà tó dára jù láti sọ ọ́ nìyẹn, kí ebi tó kó àwọn ọmọdé lọ.