Owó Ìledì Kò Gbọdọ̀ Dúró Sójú Kan

Sí ẹ̀yin Olúwo, ẹ̀yin Apènà, ẹ̀yin Erelú, àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, Ìpèlé, Ìfọ́n àti Ìdóàní.

Olè kọ́ ló sábà ń pa ìledì kéékèèké. Owó oṣù tí a fi lélẹ̀ láyé ọjọ́un, tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn mọ́, ló ń pa á. Ẹ wo ₦200. Ní 2015, ó tó nǹkan bíi dọ́là kan ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ owó. Nígbà tí 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500. Ìledì tó ṣì ń gba ₦200 lónìí ń gba orúkọ owó lásán, bẹ́ẹ̀ pósí, aṣọ òkú àti owó ọkọ̀ kò dúró dè wá.

Ohun kejì tó ń pa ìledì tilẹ̀ burú jù. Nígbà tí ẹgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́ ló pọ̀ níbẹ̀. Owó ń wọlé, ìsìnkú kò wọ́pọ̀, a sì ń fi èyí tó ṣẹ́kù ṣàsè. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, àwọn kan náà ti darúgbó, ìsìnkú wá ń tẹ̀ lé ìsìnkú. Ohun tí a pè ní èrè nígbà yẹn, gbèsè tí a jẹ ara wa ni! Ojú àwọn Oddfellows, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ tó ń ran ọmọ ẹgbẹ́ lọ́wọ́ nígbà àìsàn àti ikú, rí i nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ọmọdé àti àgbà ń san iye kan náà, ọ̀pọ̀ ìledì wọn sì wọko gbèsè. Ní 1850, Henry Ratcliffe, akọ̀wé ẹ̀ka wọn tó ń jẹ́ Manchester Unity, tẹ ìṣirò àìsàn àti ikú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jáde, kí wọ́n lè mọ iye tó yẹ ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹgbẹ́ Reformed Ogboni tí Àlùfáà T. A. J. Ogunbiyi dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1914 ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìledì tó bá fẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè máa jẹ owó ọdún kọ̀ọ̀kan tán láàárín ọdún náà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ ya owó ìsìnkú sọ́tọ̀ ní báńkì, lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ẹ tún owó oṣù yẹ̀ wò lọ́dọọdún. Àgbà tí agbára rẹ̀ kò ká a mọ́, ẹ má lé e. Ẹ dárí owó náà jì í, ṣùgbọ́n ẹ kọ iye náà sílẹ̀.

Ẹnìkan yóò ní awo kì í sọ ti ilé lóde. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú ilé gan-an ni mo ń wí: ẹni tó sanwó ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tó gbà lọ. CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020, ní kí àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ fi ìwé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, àjọ tó ń forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, láàárín 30 Oṣù Kẹfà sí 31 Oṣù Kejìlá. Kó tó lọ, kí Apènà kà á sókè nínú ìledì, láti orí owó tó wọlé dé orí gbèsè, kí ẹni tó bá ní ìbéèrè sì dìde.