ORÚKỌ ỌMỌ ÀGBÀTỌ́ DÀ NÍNÚ ÌWÉ KÁŃSÙ?

Ọ̀rọ̀ títì àti iná nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìdìbò. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ la fẹ́ bá yín sọ.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Bàbá kú, tàbí oko kò ṣe dáadáa. Ìyá ní ọmọ márùn-ún nílẹ̀. Obìnrin kan dé láti ìlú ńlá, ó ní òun yóò mú ọ̀kan lọ, òun yóò fi í sí ilé-ìwé. Wọ́n dì í lẹ́rù, wọ́n súre fún un, ọkọ̀ gbéra. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ tí a ní ó lọ kàwé la rí lójú títì, tó gbé ọsàn rù ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì.

A ò bá àṣà wa jà o. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá tàbí ìyá àgbà la ti dàgbà, a sì jèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, bí alágbàtọ́ bá fìyà jẹ ọmọ, agboolé yóò gbọ́. Nísinsìnyí, alágbàtà ló ń mú ọmọ lọ, ìyá ò mọ ojúlé tí ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ìwọ̀fà àtijọ́ pàápàá mọ iye owó tó wà lórí òun. Bí bàbá bá ti san án, ọmọ délé. Èló ni gbèsè ọmọ ọ̀dọ̀ òde òní? Ọjọ́ wo ni yóò san án tán?

Ṣé òfin ni kò sí ni? Rárá o. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ní Àbújá, gbogbo ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá ló sì ti sọ ọ́ di òfin tiwọn. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn ilé ẹbí rẹ̀. Ó ní kí kóòtù ọ̀tọ̀ wà fún ọ̀rọ̀ ọmọ. Òfin ọdún 2004 sì ní dandan ni kí ọmọ lọ sí ilé-ìwé lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n òfin ò ní ẹsẹ̀. Ènìyàn ló ń gbé e rìn.

Ọ̀kan nínú wa tẹ̀lé ìyá kan lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà. Òṣìṣẹ́ tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó ní kí ìyá mú owó ọkọ̀ wá kí òun tó lè lọ yẹ ọmọ wò. Ìyá ò ní. Ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ lọ sí káńsù yín lọ́la, kí ẹ bi wọ́n: òṣìṣẹ́ wẹ́fíà mélòó ló wà? Kí ni wọ́n ń gùn lọ sí abúlé? Ìwé wo ni orúkọ àwọn ọmọ àgbàtọ́ wà? Bí wọ́n bá fún yín ní ìdáhùn gidi, ẹ dìbò fún wọn. Bí wọ́n bá ń wo ara wọn lójú, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú sọ́wọ́ káńsù. Ẹni tó ń kọ ọmọ tuntun sílẹ̀, tó ń kọ òkú sílẹ̀, kí ló dé tí kò lè kọ ọmọ tó kúrò nílé kan bọ́ sí òmíràn? Kí ẹnikẹ́ni má sì wí fún yín pé kò sówó. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù.

Ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa yóò ṣe. Èkíní, ìwé ọmọ àgbàtọ́ yóò wà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ojú baálẹ̀ àti ọ̀gá ilé-ìwé ni a ó ti máa kọ ọ́. Èkejì, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà yóò ní alùpùpù àti owó epo, yóò máa yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, yóò sì bá ọmọ sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹ̀kẹta, a ó ran ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ òrukàn lọ́wọ́ pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé àti ìwé, kí ebi má baà lé ọmọ jáde. A ò ní purọ́ fún yín pé ọdún kan ni yóò parí. Àmọ́ a ó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Olóyè Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, orúkọ ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ọmọ tí a kò kà, a ò lè mọ̀ bó bá sọnù.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin olùdìbò, ẹ̀yin ni àgbà ọjà yìí. Lọ́jọ́ ìdìbò, kí ẹ tó tẹ̀ka, ẹ rántí ọmọ tó ru ọsàn lójú títì.