Ẹ Má Jẹ́ Ká Lé Ọmọ Wa Tó Ń Ta Béèsì

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Jos, ọ̀rọ̀ tó dá awuyewuye sílẹ̀ ní mítìn tó kọjá la fẹ́ fèsì sí, torí àwa tí a jókòó lẹ́yìn kò ráyè sọ tiwa.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa, ọmọ ọdún 19, ń ta gìtá béèsì. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ ọ. Ní báyìí, alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ bá àwọn tó ń ṣe jáàsì nígboro. Bàbá rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀ kó wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní mítìn ní alágbe ló fẹ́ dà, pé àwọn tó ń bá rìn kì í ṣe èèyàn wa.

Àwa kan lọ wò ó. Wọ́n sọ fún wa pé oṣù méjì gbáko ló fi ń bá wọn gbé ẹ̀rọ, tó ń jókòó, tó ń gbọ́. Jáàsì yàtọ̀ sí orin ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n á dárúkọ orin àti key rẹ̀, ó di kí o wọlé nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè é, ó ṣìnà láàárín orin. Àgbàlagbà Berom tó ń fọn sasofóònù ló ń fẹsẹ̀ lulẹ̀ fún un títí ó fi rí ọ̀nà padà. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún lọ. Lónìí, tí kò bá tíì dé, wọn kì í bẹ̀rẹ̀.

Béèsì kì í pariwo. Iṣẹ́ tí agídìgbo ń ṣe nínú àpàlà ló ń ṣe. Ẹni tó ń jó lè má kíyè sí i, àmọ́ tó bá dákẹ́, ẹsẹ̀ á dàrú.

Báwo làwọn bàbá tiwa ṣe wọ Jos? Wọ́n wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà nígbà iṣẹ́ ìwakùsà. Wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n kọ́ Hausa, kí ọjà tó tà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé wọ́n ti sọnù. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjìdó lẹ́bàá Badagry, ìwé ló bá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1950. Ìlù ló fi di ẹni ńlá níbẹ̀. Ní 1967, ọdún tí John Coltrane kú, ibùdó àṣà tí Olatunji dá sílẹ̀ ní Harlem ni Coltrane ti wá ṣeré. Ọmọ Yorùbá tó wà ní àjò ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

A ò ní ìbẹ̀rù bàbá ọmọ yìí kò nídìí. Láti 2001, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ìlú yìí ti rí, òru ò sì dára fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nínú yàrá yẹn, Berom, Ígbò, Hausa àti ọmọ wa ń gbọ́ ara wọn yé. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ṣé a ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jà bíi ti tẹ́lẹ̀?

Ohun tí a dá lábàá rèé. Gbọ̀ngàn wa tó wà ní títì láti Mọ́ńdè títí di Sátidé, kí wọ́n máa fi ṣe ìgbáradì lọ́sàn-án. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí àwa tó ní mọ́tò máa gbé e wálé ní ìkọ̀ọ̀kan. Àwa la máa kọ́kọ́ gbé e. Ní àríyá Dìsẹ́ńbà, kí wọ́n ṣeré fún wákàtí kan kí àwọn olórin tí a ń gbé wá láti Ìbàdàn tó gorí ìtàgé. Kí ọmọ náà sì máa wà ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, torí bàbá náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Èrò tiwa nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiyín kí mítìn tó ń bọ̀ tó dé.